Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Bí a bá ń sọ ìtàn yunifásítì ní ilẹ̀ Yorùbá, ọdún tí a dá a sílẹ̀, orúkọ àwọn tí ó ṣe olórí rẹ̀ àti iye ilé tí a kọ́ síbẹ̀ ni a sábà máa ń kà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ dìde sọ ní gbangba níbẹ̀. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òye, tí àwọn òyìnbó ń pè ní filọ́sọ́fì, ìtàn yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ ẹ̀ka náà.

Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ní 1967 ni ó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ní 1987 ni a sì sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Ṣódípọ̀ kọ́ni ní filọ́sọ́fì níbẹ̀, lábẹ́ àbójútó rẹ̀ ni ìwé àtìgbàdégbà Second Order sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1972. Ní 1973, ó dìde níwájú àwùjọ láti sọ ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun máa ń sọ, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Philosophy and Culture.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ǹjẹ́ àwọn baba ńlá wa ronú, àbí àṣà ni wọ́n kàn ń tẹ̀ lé? Robin Horton ti kọ ọ́ ní 1967 pé ẹni tí ó dàgbà sínú èrò ìbílẹ̀ Áfíríkà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé a tún lè fi ojú mìíràn wo ayé. Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun náà ń kọ́ni ní Ifẹ̀, kò fi ìbínú dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ àwọn oníṣègùn lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì bi wọ́n pé: kí ni ẹ ń pè ní ìmọ̀, kí sì ni ìgbàgbọ́? Ní 1986 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde.

Èsì àwọn àgbà náà ṣe kedere. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà, ó gbọ́. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n a ní láti dán an wò. Bí kò bá ṣeé dán wò, kí a jọ jíròrò rẹ̀, kí a fi làákàyè wọ̀n ọ́n. Àgbàlagbà ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò wọ gbọ̀ngàn yunifásítì rí mọ ìyàtọ̀ láàrin "ó ṣojú mi kòró" àti "wọ́n ní". Ta ni yóò wá sọ pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu?

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a gbé òṣùwọ̀n yìí wọ inú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lórí pèpéle, ìgbàgbọ́ ni lọ́dọ̀ àwa tí a jókòó. Aṣọ oyè kò sọ ọ́ di ìmọ̀, ewú orí kò sì sọ ọ́ dà á. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpàdé tí mo ti lọ, kíkí àwọn ènìyàn pàtàkì a gba àkókò, ọ̀rọ̀ náà a gùn, nígbà tí ó bá sì kan ìbéèrè, alága a ní ilẹ̀ ti ṣú. A pàtẹ́wọ́, a jẹun, a túká. Ibi tí ìgbàgbọ́ ìbá ti máa di ìmọ̀ gan-an ni a gé kúrò.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú filọ́sọ́fì ní Ìbàdàn ní 1984, tí ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates, ará Gíríìsì àtijọ́. Àwọn méjèèjì kò kọ ìwé. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni a ti gbọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2018, n kò sì ka iyàn náà sí àbùkù. Ìbéèrè ni Socrates fi di olókìkí.

Àwọn oníṣègùn Èkìtì kò ní pèpéle, a kò sì rí orúkọ wọn nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ tó láti wọn gbogbo ẹni tí ó bá bá wa sọ̀rọ̀, títí kan àwa tí a ń yìn wọ́n.