Ọkọ̀ Òfúrufú Tó Wá Nínú Àpótí

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni tòní. Ó dá lórí ọkọ̀ òfúrufú ogun àtijọ́, àti àwọn tó ń to kékeré tó jọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wa máa ń fi agolo àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe mọ́tò. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà pàápàá ń ṣe irú rẹ̀. Wọn a ra àpótí kékeré lọ́jà. Inú rẹ̀ ni ègé ike wà, tí ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìwé kan tún wà níbẹ̀ tó ń fi hàn pé nọ́ńbà 1 ni kí a lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà 2. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé ìwé náà, ìyẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lè wọ́.

Wọ́n tún ń wọn ọ́n. Ohun tó gùn ní sàǹtímítà 72 lára ọkọ̀ gidi, sàǹtímítà 1 péré ni lára kékeré. Ọkọ̀ ogun kan wà tó ń jẹ́ Hurricane. Láti orí ìyẹ́ kan dé orí ìyẹ́ kejì, ó lé díẹ̀ ní mítà 12. Lára kékeré, sàǹtímítà 17 ni.

Ní ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ FROG ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ta irú àpótí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe eré nìkan. Ní ọdún 1942, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé fi igi gbẹ́ 500,000 ọkọ̀ kékeré. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun máa wò wọ́n, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tó kàn wá. Ọkọ̀ òfúrufú gidi ti wá sí Áfíríkà wa nínú àpótí rí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Ítálì náà wọ ogun. Òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà di eléwu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá ọkọ̀ òfúrufú fún àwọn ọmọ ogun wọn ní Íjíbítì. Kí ọkọ̀ ojú omi yí gúúsù Áfíríkà ká, ó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n yan Takoradi, ní Gold Coast, tó ń jẹ́ Gánà lónìí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kó àpótí ńláńlá dé. Ìyẹ́ wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀. Wọ́n já wọn sílẹ̀, wọ́n tò wọ́n pọ̀, wọ́n dán ẹ̀rọ wọn wò, wọ́n sì gbé wọn fò. Hurricane ní ẹ̀rọ 1, ènìyàn 1 ló ń gùn ún. Blenheim ní ẹ̀rọ 2, ẹni tó mọ àwòrán ilẹ̀ í kà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà Blenheim a lọ síwájú, àwọn Hurricane a tẹ̀ lé e bí òròmọdìẹ tí ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Wọ́n ń gba Èkó, Kano, Maiduguri, Fort-Lamy tó ń jẹ́ N'Djamena lónìí, àti Khartoum, títí dé Cairo. Ó tó kìlómítà 6,000. Bí ẹni lọ láti Kútọnu sí Parakou nígbà 14 ni.

Ilẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, wà láàárín Takoradi àti Èkó. Àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ń gbọ́ ti ìjọba Vichy, àwọn Faransé tó bá Jámánì ṣe àdéhùn. Kì í ṣe ibi tí awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ̀ sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Chad, ọkùnrin dúdú kan ni gómìnà. Félix Éboué ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Guyane ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1940, Chad kọ Vichy sílẹ̀, ó bá de Gaulle lọ. Bí Fort-Lamy ṣe ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ náà nìyẹn. Bí Éboué bá kọ̀, ìrìn wọn ì bá nira púpọ̀.

Iyanrìn aṣálẹ̀ ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n fi asẹ́ sábẹ́ imú Hurricane tó ń lọ síbẹ̀, bí ẹ̀yin ìyá wa ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Títí di òní, ẹni tó mọ ìtàn yìí, tó sì ń to Hurricane kékeré ti aṣálẹ̀, kò ní gbàgbé asẹ́ náà.

Ọkọ̀ tó gba Takoradi kọjá lé ní 4,000 kí ogun tó parí. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Lórí àpótí tí wọ́n ń tà, a ó rí àwòrán ọkọ̀, a ó rí ẹni tó gùn ún. A kì í rí ẹni tó ru ẹrù.

Ta ni yóò kọ ti àwọn yẹn? Àwọn Faransé kó ọ̀pọ̀ ọmọ Dahomey náà lọ sógun. Bí bàbá yín àgbà bá wà lára wọn, ẹ béèrè ohun tó sọ nílé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó lọ sínú ìwé yín. Ègé kan ni. Bí a bá kó ègé jọ, a ó rí ìtàn wa tò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lo Takoradi?
2. Kí ni Félix Éboué ṣe?
3. Bí ilé yín bá gùn ní mítà 12, wọ́n bàtà yín, kí ẹ sì wò bóyá ó ju sàǹtímítà 17 lọ: èwo ni yóò gùn jù, bàtà yín ni tàbí ilé náà bí a bá dín in kù bíi ti Hurricane?