Kí Ni Ká Pe Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Ìdákọ̀ró?

Ìdákọ̀ró kì í ṣe àlejò nínú èdè wa. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, àwọn atukọ̀ sọ mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ìjì lè gbá wọn lu àpáta. Ẹni tó gbọ́ orúkọ náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀: ohun tó ń dá ọkọ̀ ró ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbé e sókè láti ìsàlẹ̀ omi, èyí tó jókòó síwájú ọkọ̀, kò tíì ní orúkọ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ní Àpápá àti ní èbúté òkèèrè. Ó yẹ kí ọ̀gá lè fi èdè wa kọ́ ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú u àti bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni ìfàdákọ̀ró. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ “fà” á rò pé ẹ̀rọ náà ni kó máa fi fa ọkọ̀ lọ bá ìdákọ̀ró nígbà tí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ la fi ń rọra sún síwájú títí ṣéènì á fi dẹ̀, ẹ̀rọ náà á wá gbé èyí tó dẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fi í fa odindi ọkọ̀, kọ́ìlì ẹ̀rọ náà lè jó, eyín gíà rẹ̀ sì lè kán. Àwọn mìíràn lè ní ká pè é ní akáṣéènì. Ìyẹn náà kò bá a mu, torí ṣéènì kì í ká mọ́ ẹ̀rọ yìí lára. Ó kàn ń gba orí rẹ̀ kọjá ni, á sì já bọ́ sísàlẹ̀. Agbédàákọ̀ró ni mo mú. Ó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kò sì fi kún un.

Kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì ń gbà lórí rẹ̀ ní kòtò yípo etí, òrùka ṣéènì kọ̀ọ̀kan á sì wọ kòtò tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ oníkòtò ni mo pè é, kí ojú ọmọṣẹ́ lè tètè lọ síbi kòtò, torí ibẹ̀ ni ìjọ̀gbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbédàákọ̀ró tí ilé iṣẹ́ Simpson-Lawrence ṣe ní Glasgow ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá Sea Tiger 555 tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Lewmar, kò sì rọrùn mọ́ láti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Ìwọ̀n íǹṣì ni wọ́n fi gbẹ́ púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn, ìwọ̀n mìlímítà ni wọ́n sì sábà fi ń ta ṣéènì tuntun. Ṣéènì 3/8 íǹṣì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 9.5. Ẹni tó bá ra ti mìlímítà 10 á rò pé kò séwu, kòtò sì lè má gbà á. Kì í ṣe bó ṣe ki tó nìkan là ń wò, a gbọ́dọ̀ wo àlàfo òrùka pẹ̀lú, ìyẹn bí òrùka kan ṣe jìnnà sí èkejì tó.

Irin kékeré kan wà tó ń bọ́ sáàárín eyín kẹ̀kẹ́ kó má baà yí padà. Ìdábùú ni mo fún un lórúkọ. Tí sípíríǹgì rẹ̀ bá kú, ṣéènì á sáré padà, ó sì lè gé ìka.

Ní ti iná, mo ní ká má ṣẹ̀dá ohunkóhun. Àwọn rẹ́wáyà ti bá wa ṣe é. Mọ́tò oníná tó wà nínú agbédàákọ̀ró tí kì í ṣe ti ọwọ́ (mo ní “oníná” torí mọ́tò lásán, ọkọ̀ títì ni lẹ́nu wa) bá kíkísítátà tan: kábọ̀n wà nínú àwọn méjèèjì, sólínọ́ìdì ló sì ń gbé iná fún wọn. Èyí tó jẹ́ wáàtì 1000 lórí bátìrì fóòtì 12 á fẹ́ iná tó lé ní áḿpìà 80. Ìdí ọkọ̀ ni bátìrì sábà máa ń wà, ẹ̀rọ sì wà níwájú, nítorí náà wáyà tó bá tín-ínrín tàbí héèdì (ẹnu tí wáyà ti so mọ́ bátìrì) tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bò á jẹ púpọ̀ nínú iná náà. Iná tó sọnù lójú ọ̀nà ni mo ń pe ìyẹn. Bí mítà bá ka 12 lórí bátìrì, tó sì ka 9 lẹ́nu mọ́tò oníná nígbà tó ń gbẹ́rù, fóòtì 3 ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ má tíì tú mọ́tò oníná. Héèdì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kẹ́ ẹ họ ọ́ mọ́.

Ibi tí Yorùbá ti lówó lọ́wọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ìró. Ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi tẹ súwíìṣì agbédàákọ̀ró. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó ró kẹ́, tí kò yí, súwíìṣì àti wáyà kékeré ti ṣe tiwọn. Ẹ lọ wo ojú sólínọ́ìdì, wáyà ńlá àti kábọ̀n. Tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, fíúùsì àti súwíìṣì fúnra rẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò. Tó bá ń ró gbàgà-gbàgà, ṣéènì ń fò nínú kòtò ni. Tó bá ń dún wíìn-wíìn tí ṣéènì kò kúrò lójú kan, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Nínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ tí mo bá kọ, ìró ni màá fi to ojú ìwé tí ọmọṣẹ́ á ti máa wá àléébù.

Ọ́ìlì gíà ń fẹ́ àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Tó bá funfun bí omi ògì, omi òkun ti gba síìlì wọlé. Ara ọ̀pọ̀ agbédàákọ̀ró àtijọ́ jẹ́ álúmíníọ̀mù, ọ̀pá inú rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún. Bí omi iyọ̀ bá pàdé àwọn méjèèjì, álúmíníọ̀mù ni yóò jẹ. Ọ̀dà á wú, ẹ̀tù funfun á yọ, ọ̀pá á sì há pátápátá. “Dógùn-ún” kò bá èyí mu, torí ìyẹn jẹ mọ́ irin. “Iyọ̀ ti jẹ ẹ́” ló péye jù.

Àyè tí ṣéènì ń já bọ́ sí ni mo pè ní àká ṣéènì. Ṣéènì máa ń kóra jọ di òkìtì lábẹ́ ihò tó gbà wọlé, òkìtì náà á wá dí ihò, ẹ lè máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ máa fi tú u ká. Okùn ọ̀rá tó ń gba ẹrù lọ́rùn agbédàákọ̀ró nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ni mo pè ní okùn agbẹrù. Ìdí ṣéènì, nínú àká, okùn la fi ń so ó mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe irin. Okùn náà gbọ́dọ̀ gùn tó láti yọ sókè gba ihò, kí ọ̀bẹ lè bá a níta lọ́jọ́ tí ìjì bá dé, tí kò sì sí àyè láti gbé ìdákọ̀ró mọ́.