Iná Toronto Ọdún 1904 àti Ìwé Òwò Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi òwò díẹ̀ ti ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ní Toronto yìí: irun dídì, aṣọ rírán, ẹ̀lùbọ́ títà. Ẹ jẹ́ kí a rántí alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, ọdún 1904. Iná sọ ní Wellington Street, atẹ́gùn gbé e, ó sì jó ilé tó lé ní 100. Àwọn panápaná wá láti Hamilton àti Buffalo. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, wọ́n tún ìlú kọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí a kọ orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó sí bá jó, ẹwà wo ló kù? Kì í sì í ṣe iná nìkan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 2022, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Rogers dákẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Kánádà kò sì lè gba káàdì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa, kí a fi ọ̀kan pamọ́ sílé ọ̀rẹ́ tó jìnnà, kí owó díẹ̀ sì wà nílẹ̀. Òjò tó ń bọ̀ kò sọ ọjọ́.