Ẹjọ́ onídán ní Saudi Arébíà

Ní Saudi Arébíà, ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó ń pidán tàbí pé ó ń fi èèdì di ènìyàn lè kú sí i. Síbẹ̀, kò sí ìwé òfin ìjọba kan tó sọ ohun tí idán jẹ́ gan-an. Adájọ́ ló ń wo Kùránì, àdíìsì àti ìwé àwọn àgbà onímọ̀, kó tó dá ẹjọ́.

Àríyànjiyàn lórí ìyà onídán ti pẹ́. Súrà kejì nínú Kùránì, ẹsẹ 102, sọ̀rọ̀ àwọn èṣù tó ń kọ́ ènìyàn ní idán, àti bí wọ́n ṣe ń fi í ya tọkọtaya, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìyà tí adájọ́ yóò fi jẹ wọ́n. Àdíìsì kan ní idà ni ìyà onídán. Tirmidhi tó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnu Ànábì ló ti jáde. Ìmọ̀ràn àwọn imáàmù kò wá dọ́gba. Ahmad ibn Hanbal ní kí wọ́n pa onídán. Shafi'i ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè irú èyí tó ń ṣe: bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kèfèrí nínú rẹ̀, tí kò sì fi gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, a kì í pa á.

Ọ̀nà Hanbal ni Muhammad ibn Abd al-Wahhab tọ̀, ẹni tó bá ìdílé Saud mulẹ̀ ní Diriyah ní 1744. Ọ̀nà yẹn náà ni àwọn adájọ́ ń tọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ilẹ̀ náà di ìjọba kan ní 1932.

Ní 2007, wọ́n bẹ́ orí apòògùn ọmọ Íjíbítì kan ní Riyadh. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó fẹ́ fi idán ya tọkọtaya. Lára ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ ni ìwé idán, ewé tó ń rùn, àti àbẹ́là tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpe-èṣù sí lára. Ní 2011, ó kan ọmọ Sùdáànì kan ní Mẹ̀dínà. Ọlọ́pàá ẹ̀sìn ló ṣe bí oníbàárà lọ bá a, tó ní kó bá òun ṣe oògùn tí bàbá òun yóò fi kọ ìyàwó rẹ̀ kejì, fún 6,000 ríyàlì.

Ọmọ Lẹ́bánọ́nì kan tó ń woṣẹ́ fún ènìyàn lórí tẹlifíṣọ̀n rí àánú gbà. Ùmúrà ló bá wá sí Mẹ̀dínà ní 2008 tí wọ́n fi mú un. Wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 2009, àmọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kò fọwọ́ sí i, nítorí kò sí ẹ̀rí pé ó ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ìdájọ́ yẹn sún mọ́ ti Shafi'i ju ti Hanbal lọ.

Ní 2009 kan náà ni àwọn ọlọ́pàá ẹ̀sìn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa dọdẹ onídán. Ní 2016, ìjọba gba agbára àtimú ènìyàn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n idán ṣì jẹ́ ọ̀ràn ńlá níbẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní Gúúsù fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì dé ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní àjẹ́, ó sì fi dé ẹni tó pe ọmọnìkejì bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó ń lọ Hájì má rò pé báyìí ló rí káàkiri. Ẹ tú báàgì yín wò kí ẹ tó kúrò nílé: ońdè, ìgbàdí àti ìfúnpá, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí, nítorí wọ́n lè kà wọ́n sí idán ní Saudi.