Ìtàn Ìtàkùrọ̀sọ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìlú Nílẹ̀ Yorùbá: Láti Abẹ́òkúta 1859 Dé Ìyànà-Ìbà

Ìtàn àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá wà lọ́tọ̀, ti rédíò wà lọ́tọ̀, ti àwọn obìnrin ọjà Èkó náà wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn èèyàn tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn, tí wọ́n sì ń tú u wò láàrin ara wọn nínú ọkọ̀, lọ́jà, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ àti níwájú oníwèé ìròyìn, ó fọ́n káàkiri. Déètì tí ìwé kan fún wa sì máa ń ta ko ti ìkejì. Ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun kan dì mú.

Ohun kan ṣoṣo ni àkójọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀. Láti 1859 títí di òní, kò sí irinṣẹ́ ìròyìn tó wọ ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn èèyàn kò sọ di ti àjọni. Ẹnì kan á kà á, àwọn mìíràn á gbọ́, àwọn tó gbọ́ á sì fi tiwọn kún un. Ẹni tó bá ń fi iye ẹ̀dà tí wọ́n tà díwọ̀n ibi tí ọ̀rọ̀ dé, àbọ̀ ìtàn ló mú lọ́wọ́.

Ìyànà-Ìbà ni mo fi ṣe òpin ìrìn yìí. Oríta ni, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Badagry, níbi tí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí ti yà. Àwórì ló ni ilẹ̀ Ìbà àti Ọ̀jọ́, àwọn Ògù ń gba ibẹ̀ wọlé láti ìhà Badagry, àwọn Igbo tó ń tajà ní Alábà ń gba ibẹ̀ kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀. Ibi tí irú àwọn èèyàn báyìí bá ti pàdé, ọ̀rọ̀ ìlú kì í sinmi.

Kí ìwé ìròyìn tó dé, akéde onígogo, onílù, olórin àti ojúde ọba ló ń gbé ọ̀rọ̀ káàkiri.

Abẹ́òkúta, 1859 sí 1867

Àlùfáà Henry Townsend ti ìjọ CMS gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ibí ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́ wà. Àwọn ìwé kan sọ pé 23 Oṣù Kọkànlá 1859 ni ẹ̀dà kìíní jáde, àwọn mìíràn ní 3 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló wà láàrin méjèèjì, ọdún kan náà sì ni. Mo tẹ̀ lé 3 Oṣù Kejìlá níbí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ èkejì kò ba ìtàn jẹ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù déètì lọ ni ohun tí Townsend ní lọ́kàn: kí ó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa wá ìmọ̀ nínú ìwé kíkà. Ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni ìwé náà ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ìròyìn ìjọ wà nínú rẹ̀, àti ti àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn tó ń lọ, ti òwò òwú àti ti ogun. Láti 1860 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kan Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn tó mọ̀wé kà kò tó nǹkan nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé yìí bí àwọn aláṣẹ nínú, nítorí pé Townsend kò fi ìṣèlú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìwé tí àwọn díẹ̀ ń kà, tó sì ń da ìlú láàmú, ó ní láti jẹ́ pé ẹnu ló gbé e kọjá ibi tí ojú dé. Ní Oṣù Kẹwàá 1867 ni ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú, ìwé náà sì parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìwé Ìròyìn Èkó jáde láti 1888 sí 1892.

Èkó, 1922 sí 1931

Sáà yìí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, òun ni mo sì gbà pé ó yẹ kí á fara balẹ̀ wò jù. Láàrin ọdún díẹ̀, ìwé ìròyìn Yorùbá hù bí olú. Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní 1922, E. A. Akíntàn dá Ẹlẹ́tí-Ọfẹ sílẹ̀ ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924, Èkó Ìgbẹ̀yìn tẹ̀ lé e ní 1926. Nígbà tó yá, Akéde Èkó ti I. B. Thomas náà dé.

Kí ló fà á? Òfin tuntun ti 1922 jẹ́ kí Èkó dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1923, Herbert Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n ìdìbò nìkan kọ́. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo Èkó ni ti Ẹlẹ́kọ Èṣúgbàyí, ọba Èkó. Ní 1925, ìjọba amúnisìn yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1931 ni ó tó padà sí Èkó. Fún ọdún mẹ́fà, kò sí agbo tí wọn kì í ti í dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ojúde. Ìlú pín sí méjì, ìwé ìròyìn náà pín. Ẹni tí kò mọ̀wé ń wá ẹni tó mọ̀wé kí ó ka ti òní fún òun.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lọ ni ti Ṣẹ̀gilọlá. Ní 1929, Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ń kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ó sì kó o jọ di ìwé ní 1930. Bí lẹ́tà wọ̀nyí ṣe ń jáde ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé náà ń jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn: àwọn kan ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan ń fà á létí, àwọn kan gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Àwọn onímọ̀ ti béèrè bóyá òǹkàwé gidi ló kọ àwọn lẹ́tà ìdáhùn náà, àbí Thomas ló tún kọ lára wọn. Ìbéèrè tó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò dáadáa ni. Ẹni tó lè kọ lẹ́tà lórúkọ Ṣẹ̀gilọlá lè kọ ti òǹkàwé. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nílò. Olóòtú kò lè gbé ìdáhùn àfọwọ́dá jáde bí kò bá jẹ́ pé ó ti mọ́ àwọn òǹkàwé rẹ̀ lára láti máa fèsì, tí fífèsì kò sì ṣàjèjì lójú ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo lẹ́tà náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rí ìtàkùrọ̀sọ ni. Bí ìdajì wọn bá jẹ́ ti Thomas, ẹ̀rí ìtàkùrọ̀sọ náà ni. 

Àwọn obìnrin ọjà

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìròyìn kì í ka ọjà mọ́ ọn, àṣìṣe ńlá sì ni. Ní Ẹrẹ́kò, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, ìyá ẹlẹ́ja, ló ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó jáde tí kò dé etí rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ náà ká ọjà kan dé òmíràn, wọ́n sì tú jáde. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba yí i padà pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá kọjá £200 nìkan ló kàn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún dojú kọ ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní ètò Pullen, tó fi òté lé iye tí wọ́n lè ta gàrí. Orí àtẹ ni wọ́n ti fọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ síwájú ìjọba.

Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti orin

Ní 1 Oṣù Kejìlá 1935 ni Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí ara ògiri ni. Ohun tí BBC bá fi ránṣẹ́ làá gbọ́. Àwọn tó ń kọ 1932 ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ètò BBC fún ilẹ̀ òkèèrè pe ti Èkó; kò yẹ kí á fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀.

Ti ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Action Group jáde kúrò nílé ìgbìmọ̀ ní 1953, Gómìnà Macpherson bá wọn wí lórí rédíò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì, wọn kò gbà fún un. Ìjọba rẹ̀ dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. WNTV, tẹlifíṣọ̀n náà, bẹ̀rẹ̀ ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959. Wọ́n ní òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ aládàáni kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò ní 1954, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kógbá sílé. Èyí tó ṣe kókó fún wa ni pé ẹ̀tọ́ láti fèsì ló bí ilé iṣẹ́ yìí. Ilé tó bá ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà ni gbogbo àdúgbò ń pé sí. Ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àgbà á gba àga, àwọn tí kò ráyè á dúró lójú fèrèsé.

Akéwì bíi Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìjọba di ewì lórí rédíò àti nínú àwo. Àyìnlá Ọmọwúrà kọ orin lórí ìkànìyàn, Ebenezer Obey kọ tirẹ̀ lórí ètò ìjọba Operation Feed the Nation ní 1976. Ẹni tí kò lóye ohun tí ìjọba ń wí lédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ yé nínú orin, ó sì rí nǹkan fi jiyàn nílé ẹlẹ́mu. Rédíò Lagos bẹ̀rẹ̀ ní 1977, lédè Yorùbá àti ti Ògù.

Aláròyé àti àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé 1985 ni ìwé ìròyìn Aláròyé bẹ̀rẹ̀, àwọn kan 1990, àwọn kan 1994, àwọn kan 1996. Gbogbo wọn ló jàre. Aláò Adédáyọ̀ gbé e jáde ní 1985, kò dúró. Ó tún gbìyànjú ní 1990 àti 1994. Láti 1996 ni ìwé náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìbẹ̀rẹ̀ lè mú 1985. Ẹni tó bá ń wá ìgbà tí ìwé náà wọ inú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, 1996 ni. Ìgbà yẹn, M. K. O. Abíọ́lá wà látìmọ́lé nítorí ìdìbò 12 Oṣù Kẹfà 1993, ìjọba ológun Abacha sì ń dẹ́rù ba àwọn oníròyìn. Èdè Yorùbá mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, awakọ̀ àti aláta.

Àsìkò ológun yìí náà ni àwọn tó ń pé jọ síwájú àtẹ fẹ́ńdọ̀, ìyẹn oníwèé ìròyìn, wá di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Free readers ni Èkó ń pè wọ́n. Wọ́n ń ka àkọlé iwájú ìwé, wọ́n ń jiyàn lé e lórí, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Fẹ́ńdọ̀ kan á lé wọn, òmíràn á gba owó táṣẹ́rẹ́ kí ẹni náà kà á kó sì dá a padà.

Ìyànà-Ìbà

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí ló pàdé ní oríta yìí. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ti ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí. LASU, tí ìjọba Láteef Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1983, ní rédíò tirẹ̀ lórí 95.7 FM. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, awakọ̀ tó ń gbọ́ Bond FM tàbí Rédíò Lagos lè pe orí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, kí àwọn èrò ọkọ̀ sì máa sọ ohun tó yẹ kó wí fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ń lọ níbẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́. Láti ìgbà ìjọba Fáṣọlá ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà Badagry ṣe sí òpópó mẹ́wàá. Òkòkòmaikò ni wọ́n dárúkọ pé ọkọ̀ ojú irin Blue Line yóò dé láti Marina, ìrìn bíi kìlómítà 27. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2023 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló parí sí, kìlómítà 13. Arìnrìn-àjò tó wà nínú dáńfó fi ara rẹ̀ mọ iye tó kù.

Ìwà ọmọlúàbí ló ń gbé àríyànjiyàn yìí dúró. Àjèjì ń pe àjèjì ní ẹ̀gbọ́n, ìyá, bàbá tàbí àbúrò. Ẹni tó kéré á kọ́kọ́ ní “ẹ má bínú, sà” kó tó ta ko àgbà, ẹni tó dàgbà á ní “jẹ́ kí n là ọ́ lóye, ọmọ mi.” Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ fún bàbá oníṣòwò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ láìjà.

Láìpẹ́ yìí

Èyí tó kù kò pọ̀. BBC Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ìwọ́de EndSARS wáyé ní 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti Oṣù Kẹfà 2021 di Oṣù Kìíní 2022. Ọ̀rọ̀ yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 gba gbogbo ọkọ̀. WhatsApp ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ púpọ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tí kò mọ̀wé kà.

Ìtàn àwọn tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà lákọsílẹ̀. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ti àwọn fẹ́ńdọ̀, àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́ àti àwọn tó kọ́kọ́ pe rédíò lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè. LASU wà nítòsí oríta náà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti ti èdè Yorùbá níbẹ̀ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ lédè Yorùbá àti lédè Ògù, kí wọ́n kọ orúkọ ìwé tí wọ́n kà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jiyàn lé lórí àti ọdún tó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú àkójọ yìí lè rí ẹ̀rí tó pọ̀ ju tèmi lọ.