Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Orí ++: Ìtàn Fífi Kún àti Yíyọ Kúrò

Ní ọjà Bouaké, láàárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, bí oníbàárà bá sọ lédè Dioula pé kẹmẹ lòun máa san, ọgọ́rùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n 500 sẹ́fà ni yóò kà sílẹ̀. Dọrọmẹ ni wọ́n fi ń ka owó níbẹ̀, dọrọmẹ kan sì jẹ́ sẹ́fà márùn-ún. Mugan, tí í ṣe ogún, jẹ́ 100 sẹ́fà. Kẹmẹ fila, igba, jẹ́ 1,000. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Anago, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wá láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í wá ìwé láti fi ṣírò rẹ̀. Bí etí bá ti gbọ́ iye, ọkàn á ti sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yóò kọ ohun kan náà báyìí: iye *= 5.

Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé: mú ohun tó wà nínú àpò tó ń jẹ́ iye, sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, kí o sì dá a padà sínú àpò kan náà. Orúkọ àpò kò yí, ohun inú rẹ̀ ló yí. += ń fi kún un, -= ń yọ nínú rẹ̀, /= ń pín in. ++ ń fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, -- sì ń yọ ẹyọ kan. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, torí inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni èdè wa dàgbà sí.

Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, 20,000, ni ọ̀kẹ́ kan. Ní 1887, míṣọ́nnárì Adolphus Mann tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí Yorùbá ṣe ń ka iye. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó wà nídìí òkìtì ẹyọ á máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ìdì mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba.

Ìṣe ọwọ́ yìí wà lẹ́nu wa títí dòní. Láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, à ń fi kún ẹ̀wá. Láti ẹ̀ẹ́dógún lọ, à ń yọ nínú ogún. Ẹ jẹ́ ká tú márùndínláàádọ́ta wò. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ ẹ̀wá, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún sí i, ó di márùndínláàádọ́ta. Ká kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà:

x = 20
x *= 3
x -= 10
x -= 5

Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà: nọ́ńbà wa ń sọ ọ̀nà tí iye gbà dé, àmì kọ̀ǹpútà sì ń pàṣẹ pé kí iye yí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ọ̀nà, àṣẹ kò ní ṣòro fún un.

Owó ẹyọ kásẹ̀ nílẹ̀. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan ní 1904 dé Bouaké ní 1912, ìlú náà sì di ibi tí ọjà àríwá àti ti gúúsù ti ń pàdé. Ní 1945 ni wọ́n dá owó sẹ́fà sílẹ̀. Owó yí, ìṣirò ò yí: ìwé gbèsè oníṣòwò ṣì jẹ́ àpò kan tó lórúkọ, tí à ń fi kún, tí à ń yọ nínú rẹ̀.

Lókè òkun, ọdún 1957 ni John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé èdè FORTRAN jáde. Nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyọ kan kún I á kọ I = I + 1. Bí olùkọ́ ìṣirò bá rí i, á ní irọ́ ni, torí kò sí nọ́ńbà tó bá ara rẹ̀ àti ẹyọ kan dọ́gba. Àwọn tó ṣe èdè ALGOL wá fi := rọ́pò rẹ̀, kí ó lè hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́: di. I di I àti ẹyọ kan. ALGOL 68 ló ké e kúrú sí +:=.

Ní nǹkan bí ọdún 1969 sí 1970, ní Bell Labs ní New Jersey, Ken Thompson ń ṣe èdè B lórí PDP-7, ẹ̀rọ tí àyè inú rẹ̀ kéré gan-an. Ibẹ̀ ló ti dá ++ àti -- sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé torí ẹ̀rọ PDP-11 ni, ṣùgbọ́n Dennis Ritchie, tó ṣe èdè C, ṣàlàyé pé PDP-11 ò tíì sí nígbà náà. Ó ní ó jọ pé ohun tó wu Thompson ni pé ++x máa ń gba àyè tó kéré ju x = x + 1 lọ.

Ibi tí a bá fi àmì náà sí ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ká ní à ń fún àwọn tó tò sórí ìlà ní nọ́ńbà, tí x sì jẹ́ 7. x++ á fún ẹni tó kàn ní 7, lẹ́yìn náà ni x á di 8. ++x á kọ́kọ́ sọ x di 8, á sì fún un ní 8.

Ìkékúrú àmì nínú èdè B ní àléébù kan: =+ ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe +=. Bí oníbàárà bá jẹ ọ́ ní 500, tó sì san 10, tí o kọ gbese=-10, ṣé gbèsè di 490 ni, àbí ó di òdì 10, tí ìwọ wá di onígbèsè? Ní 1976, wọ́n tún un ṣe nínú C: àmì ìṣe ṣáájú, = tẹ̀ lé e.

C ló gbé àwọn àmì yìí káàkiri. Ní 1983, Rick Mascitti fún èdè Bjarne Stroustrup ní orúkọ C++: C tí a fi ẹyọ kan kún. Java gbà wọ́n ní 1995. Python gba += ní 2000, kò gba ++. Swift yọ ++ àti -- kúrò ní 2016, torí ìdàrúdàpọ̀ tí ipò wọn ń fà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yọ +=, torí òun ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kedere: iye tó wà, ohun tó kún un.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn òbí wa ní Bouaké. Èdè Faransé ni ọmọ yóò fi kọ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwé, Dioula ni yóò fi ka owó lọ́jà. Ẹ fi márùndínláàádọ́ta kọ́ ọ nílé, kí ẹ sì tú u fún un, láti ogún dé ọgọ́ta, láti ọgọ́ta dé àádọ́ta. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé x -= 5 lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni yóò máa kà.