Ìdákẹ́ Ju Oríṣi Kan Lọ

Àwọn àgbà ní bí ilé bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ilé tí a kò gbọ́ ariwo nínú rẹ̀ lè ní wàhálà, kó jẹ́ pé ẹni tí yóò dá a sílẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ ẹbí la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Èmi fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya àti àwọn tí ń fẹ́ra wọn sọ́nà, nítorí èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín wa pé ariwo ló ń tú ilé ká. Bí a bá ń gbọ́ ohùn lọ́kọláya kan lálaalẹ́, a ó ní wọn kò ní pẹ́ kọ ara wọn. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó ní àlàáfíà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí ìfẹ́ ṣe ń kú kò gba èyí gbọ́ tán, ọ̀nà tí díẹ̀ nínú wọn sì gbà dé ibẹ̀ gba orí ojú irin Nàìjíríà kọjá.

Ojú irin, bẹ́ẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Albert Hirschman wá sí Nàìjíríà láti yẹ àwọn iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé yáni lówó fún wò. Ohun kan rú u lójú. Ẹ̀pà ilẹ̀ òkè Ọya ní láti rin nǹkan bí 800 máìlì kó tó dé èbúté, ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ sì ni rélùwéè fi ń borí ọkọ̀ mìíràn. Síbẹ̀ lọ́rì ló ń kó ẹrù yìí kiri, rélùwéè kò sì yí ọwọ́ padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ ni pé bí oníṣòwò bá ti rí ẹni tí ń bá a du oníbàárà, ojú rẹ̀ á là. Hirschman rí òdìkejì rẹ̀. Lọ́rì gan-an ló jẹ́ kí rélùwéè ráyè sùn. Àwọn oníbàárà tí ìdádúró ẹrù dùn jù, tí wọn ì bá máa pariwo títí àwọn ọ̀gá yóò fi gbọ́, àwọn ló kọ́kọ́ kó ẹrù wọn lọ sórí lọ́rì. Ọ́fíìsì rélùwéè wá dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì rò pé nǹkan ń lọ déédéé. Láti inú àkíyèsí yìí ni ìwé rẹ̀ Exit, Voice, and Loyalty ti jáde ní 1970: ẹni tí nǹkan bá sú lè lọ, ó sì lè dúró kó fọhùn, ìfẹ́ tó ní sí nǹkan náà ló sì sábà máa ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. (Ọkùnrin yìí mọ ohun tí lílọ jẹ́. Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1915. Nígbà tí àwọn Nazi gba ìjọba ní 1933, ó fi Jámánì sílẹ̀, ní 1940 ó sì wà ní Marseille tó ń ran àwọn asásálà lọ́wọ́ láti jáde ní Faransé.)

Ní 1982, Caryl Rusbult, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹrù ẹ̀pà yìí wá sáàárín àwọn olólùfẹ́. Wọ́n ní bí nǹkan kò bá lọ déédéé mọ́ láàárín ẹni méjì, ọ̀nà mẹ́rin ló wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn. Ó lè lọ, tàbí kó máa halẹ̀ pé òun ń lọ. Ó lè fọhùn: kó pe ẹnì kejì jókòó, kó ní ohun tó ń dun òun rèé. Ó lè fara dà á, kó máa retí pé yóò dára. Ó sì lè pa á tì, kó jẹ́ kí nǹkan máa bàjẹ́ lọ bí ó bá ṣe wù ú. Ìpatì yìí ni wọ́n fi kún ti Hirschman. Lílọ àti fífọhùn hàn sí gbogbo ayé, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Méjì tó kù ló tó jókòó tì, nítorí pé bí èèyàn bá wà níta, kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ní ilé méjì wà ládùúgbò kan náà, tí ọkọ ń wọlé láago méjìlá òru nínú méjèèjì, tí ìyàwó kò sì bèèrè ibi tó ti ń bọ̀ mọ́. Nínú ilé àkọ́kọ́, obìnrin náà ṣì ń tẹ́tí sí ìró géètì kí oorun tó gbé e lọ. Ó bo oúnjẹ sílẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ tuntun yìí ló fà á, pé yóò rọlẹ̀ tó bá yá. Nínú ilé kejì, obìnrin náà ti sùn láti aago mẹ́sàn-án, oorun àsùnwọra. Kò bínú, ìbínú ti tán lára rẹ̀ láti èṣí. Bí ọkọ bá ní kí àwọn jọ lọ síbi ìnáwó ẹ̀gbọ́n òun, á ní, “Bí ẹ bá ṣe fẹ́.” Bí ọkọ bá tún ní àwọn kò lọ mọ́, á ní, “Bí ẹ bá ṣe fẹ́.” Ìyá ọkọ ilé àkọ́kọ́ ń yin ìyàwó rẹ̀ pé kò lẹ́nu. Ìyá ọkọ ilé kejì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà yin tirẹ̀. Kó má sì jọ pé obìnrin nìkan ni mò ń bá wí: ọkùnrin tó ń san owó ilé-ìwé lásìkò, tí kì í jà, tí kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí kì í ráhùn bí ọbẹ̀ bá sá, ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní ọkọ gidi. Ó lè jẹ́ pé ó ti kúrò nílé tipẹ́, kó jẹ́ pé ara rẹ̀ nìkan ló ń wọlé sùn.

Ìfaradà ṣì ń retí nǹkan. Ìpatì kò retí ohunkóhun mọ́. Ẹni tó ń fara da nǹkan ṣì ń ka gbèsè, ó mọ iye tí o jẹ ẹ́. Ẹni tó ti pa á tì ti fa ìwé gbèsè náà ya, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ òjijì láàárín ẹni méjì tó ti ń jà tẹ́lẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù ju ìjà náà lọ.

Kì í tilẹ̀ ṣe ará ìta nìkan ni kò rí ìyàtọ̀ yìí. Ní 1995, Drigotas, Whitney àti Rusbult gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn olólùfẹ́ ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé ìfaradà ẹnì kan kì í sábà hàn sí ẹnì kejì rárá, èrè rẹ̀ kò sì tó ti fífọhùn. Èyí yóò dun ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí sùúrù ni ìmọ̀ràn tí a máa ń kọ́kọ́ fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ṣe sùúrù fún ẹni tí kò mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀, kò sí bí yóò ṣe dá ọ lóhùn.

Ìdákẹ́ kẹta wà tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjì yìí, òun ni yíyan odì. Ẹni tó bá yodì fẹ́ kí o mọ̀ pé òun yodì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń bá ọ wí. Ó tún jọ ti ẹni tó dákẹ́ láàárín ìjà, tó wojú ògiri bí ẹni pé kò gbọ́. John Gottman àti Robert Levenson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá bíi Rusbult, so ẹ̀rọ mọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ lára, wọ́n sì rí i pé ojú tó le bí òkúta yẹn, ọkàn ẹni tó ni ín lè máa lù ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìjà náà ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni, wọn kò tíì lọ síbì kankan.

Ní 1983 ni Gottman àti Levenson bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí tọkọtaya 79 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ jọ sọ bí ọjọ́ wọn ṣe lọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tó ń fa ìjà láàárín wọn. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún 14. Ìjà gbígbóná, èyí tí ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀, fi àwọn tí yóò tètè kọ ara wọn hàn. Àwọn tí yóò pẹ́ kí wọ́n tó túká kò jà tó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rín, àwàdà, “ṣé òótọ́ ni?”, pàápàá nígbà tí wọ́n ń sọ bí ọjọ́ ṣe lọ. Ikú méjì ni, ọ̀kan ń pariwo, ọ̀kan kò pariwo. Nípa ti àkọ́kọ́, Gottman ní ẹ̀gàn ló burú jù: kí èèyàn máa yínmú, kó máa mọ́ ẹnì kejì lójú. Ìyẹn yé àwọn ìyá wa kí ẹnikẹ́ni tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Àlè ńkọ́? Òun la máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Diane Vaughan, onímọ̀ nípa àwùjọ tó kọ Uncoupling ní 1986, ní àṣírí ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtúká: ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ní ohun kan tó ń dùn ún tí kò sọ. Ibòmíràn ló ti lọ ń wá ìtùnú, ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ilé ìjọsìn, ó sì lè jẹ́ èèyàn. Nígbà tí ẹnì kejì yóò fi gbọ́, ẹni àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìrìn rẹ̀. Vaughan yìí kan náà ló wá lọ kọ ìwé lórí Challenger, ọkọ̀ ojú sánmà Amẹ́ríkà tó fọ́ ní 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1986, tí ènìyàn méje sì bá a lọ. Òrùka rọ́bà kan ló fà á. Àwọn ẹnjinníà ti rí i nínú àwọn ìrìn ìṣáájú pé iná ń jẹ òrùka náà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ láyọ̀, ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n di ohun tí ojú mọ́. Vaughan fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra: àmì wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí rere.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọmọ àlè inú òwe. Òun ni ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ yẹn, tó ń dàgbà nínú yàrá nígbà tí àwọn ará ilé ń gbóríyìn fún ìdákẹ́rọ́rọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnì kankan fi ohun tí mo kọ yìí gbe ìlùkulù lẹ́yìn. Ẹni tó ń lu aya tàbí ọkọ rẹ̀ kò fọhùn. Rusbult àti Martz wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó sá wá sí ilé ààbò nítorí ìyà tí ọkọ fi ń jẹ wọ́n. Àwọn tó padà lọ ni àwọn tí kò ní ibòmíràn tó dáa láti lọ, tàbí tí wọ́n ti fi púpọ̀ sínú ilé náà. Nítorí náà, pípẹ́ nílé ọkọ kò tó fi díwọ̀n ìfẹ́.

Òfin wa kò ní ohun tó fi lè wo inú ọkàn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò kà. Òfin ìgbéyàwó ti 1970, tó wà fún àwọn tó ṣègbéyàwó lọ́nà ti ìjọba, ń wò ó bóyá ẹnì kan ti kọ ẹnì kejì sílẹ̀ lọ fún ọdún kan ó kéré tán, tàbí bóyá wọn kò ti gbé pọ̀ fún ọdún méjì tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò sì kọ ìtúká náà, tàbí fún ọdún mẹ́ta bó tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹrù jáde nílé ni wọ́n ń kà. Ní kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn, ọkọ àti ìyàwó máa ń to ẹ̀sùn wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ bá bi wọ́n léèrè ọdún tí nǹkan ti dàrú láàárín wọn, ọdún tí wọ́n máa dá kì í sábà bára mu, kò sì sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn.